MÀMÁ, KÍ NI Ẹ WÁ ṢE?

Ọmọdé tí ó bá kí àgbà ní ìdúró nílẹ̀ Yorùbá yóò gba ìbáwí. Ẹni tí kò bí i lọ́mọ pàápàá lè bá a wí, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan bá mú ìyá ẹni àádọ́rin ọdún dúró láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán nítorí pé kò mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó kàn, ta ni a ń bá wí? A ó ní màmá náà ni kò bèèrè dáadáa. A ó ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì pẹ́ jù, a ó ní kí ó lọ mú ọmọ rẹ̀ wá. Èrò tèmi ni pé àìbọ̀wọ̀fágbà tí ó burú ju ìkíni ìdúró lọ ni èyí, àti pé àwọn tí wọ́n ń hu ìwà náà kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, àwa ni a sì kọ́ wọn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Iléṣà lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́rin gbáko. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, àwọn yòókù yóò rò pé àwọn bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ wọn kò bọ́. Ilẹ̀kùn méje ni a bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúkọ ẹ̀ka wà lára mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ wà lára méjì. Oyè ọ̀gá kan wà lára ìkẹfà. Ìkeje kò ní ju bébà kan tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn pé kí a má ṣe kan ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó dí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ọdún 33 ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó rìn láti ilẹ̀kùn kìíní dé ìkeje, ó kà wọ́n fínnífínní bí ẹni tí ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Àkànní, mo ti kà á tán. Kò sí èyí tí ó bá mi wí níbẹ̀."

Ẹni tí ó gbà wá ni ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ géètì. Kò bi wá pé ẹ̀ka wo ni a ń wá. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìdúró o. Kí ni ẹ wá ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi ní owó òun ni kò wọlé. Ó tún ní, "Ṣé wọ́n ní orúkọ yín kò bára mu ni, àbí wọn kò tilẹ̀ rí orúkọ yín rárá?" Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ní kò bára mu. "Ilẹ̀kùn kẹta ní apá ọ̀tún ni, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọlé, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ìgbéyàwó yín méjì ní òdìkejì títì, torí wọn yóò bèèrè rẹ̀. Bí kò bá sí, wọn yóò ní kí ẹ padà wá lọ́la." Ìbéèrè méjì péré ni, ọ̀nà sì là.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ilẹ̀kùn méje yẹn ń sọ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe pín ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé ohun tí àwọn ènìyàn bá wá. Àwọn ilẹ̀kùn ń sọ nípa ẹni tí ó jókòó sínú yàrá. Òun ń bèèrè nípa ẹni tí ó dúró ní ìta. Àárín méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà. Àwọn Òyìnbó ń pe apá kan rẹ̀ ní information architecture, wọ́n ń pe apá kejì ní user experience. Èmi yóò pe ti àkọ́kọ́ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìmọ̀, n ó sì pe ìkejì ní ìrírí òǹlò. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìmọ̀ ni bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ, àti bí a ṣe ń la ọ̀nà sínú rẹ̀ kí ẹni tí ó ń wá nǹkan lè rí i. Ìrírí òǹlò ni ohun tí ojú ẹni náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: àkókò tí ó lò, ìdààmú tí ó bá a, àti ìtìjú tí ó bá a lọ sílé.

Orúkọ iṣẹ́ wọ̀nyí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, Richard Saul Wurman, ni ó gbé ọ̀rọ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìmọ̀ ka iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1976. Donald Norman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ìwé kan ní ọdún 1988 láti fi yé ayé pé bí ènìyàn bá ń fa ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó tì, ẹni tí ó ṣe ilẹ̀kùn ni kí a bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí ó fà á. Òun kan náà ni ó sọ ìrírí òǹlò di orúkọ oyè iṣẹ́ nígbà tí ó dé ilé iṣẹ́ Apple ní ọdún 1993. Ní ọdún 1998, Louis Rosenfeld àti Peter Morville kọ ìwé tí ó sọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì di ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́. Lónìí, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ń kọ́ ọ, n kò sì bá wọn jà. Èrò kan ni mo ń bá jà: èrò pé ohun àjèjì pátápátá ni iṣẹ́ náà, pé àwọ̀ mèremère àti àpótí tí ó gún régé lójú fóònù ni gbogbo rẹ̀, àti pé ẹni tí yóò bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé ilé.

Ẹ wo Ọjà Ọba ní Òṣogbo, tàbí ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà. Àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí kò nílò pátákó tí yóò júwe ibi tí ata wà fún un, nítorí pé àwọn aláta jókòó pọ̀, àwọn aláṣọ jókòó pọ̀, àwọn elélùbọ́ náà sì ní ìsọ̀ tiwọn. Bí ó bá ti dé ìdí ọ̀kan, ó ti dé ìdí gbogbo wọn. Ó lè wo ti ẹnì kìíní, kí ó wo ti ẹnì kejì, kí ó sì ná an. A kò to ọjà ní ìdílé-ìdílé àwọn tí ń tà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ìyẹn ni ìbá rọrùn jù fún àwọn tí ń gba owó ìsọ̀. Ohun tí oníbàárà wá rà ni a fi tò ó. Ìbéèrè ọkùnrin ẹnu géètì náà nìyẹn: kí ni ẹ wá ṣe?

Ẹ tún wo káàdì alájọ. Bébà líle kékeré kan ni. Àpótí kéékèèké 31 ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí ènìyàn bá dá owó lónìí, alájọ yóò fa ìlà sínú àpótí kan. Ìdáwó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ, òun ni owó iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ọjà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá aláta tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí lè ka ìlà rẹ̀ níwájú àtùpà lálẹ́ kí ó sì mọ iye tí òun ní, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni káàdì ń gbé. Mo mọ̀ pé alájọ mìíràn a máa gbé owó sá lọ. Káàdì kò lè sọ olè di olóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ sá lọ, ìyá aláta mọ iye tí ó gbé lọ, kò sì nílò ẹnikẹ́ni láti bá a kà á. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń fi owó pamọ́ sí báǹkì, ta ni nínú yín ni ó lè ka gbogbo owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, kí ó sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà pàápàá, tí wọ́n ru aṣọ káàkiri ìlú àti abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn, mọ ẹni tí wọ́n ń bá ná. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ oko rẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí owó yóò dé ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń gba tiwọn. Orúkọ tí ayé sọ wọ́n, pé òṣó ni wọn yóò ló títí wọn yóò fi gba owó wọn, kò dùn létí onígbèsè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọ́n jókòó sínú yàrá kan ní ìlú ńlá kí wọ́n tó pinnu bí àgbẹ̀ yóò ṣe máa san owó.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń retí, èyíinì ni Ifá. Ikin 16 ni babaláwo ń pa. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀ròsùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà kan. Títẹ̀ mẹ́jọ ni yóò fi rí odù kan. Nítorí pé ọ̀nà méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́jọ náà lè gbà wáyé, odù jẹ́ 256: ojú odù 16 àti àmúlù 240. Àìmọye ẹsẹ ni ó wà lábẹ́ wọn, orí ni a sì kó gbogbo rẹ̀ sí láìsí bébà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, ó sì tó wárí fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye náà ni ó jọ mí lójú jù. Ẹni tí ó wá dífá kì í sábà sọ ọ̀ràn rẹ̀ jáde. Yóò sọ ọ́ sí owó lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ, oníbèérè yóò máa gbọ́, ìgbà tí ó bá sì gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu ni yóò ní ibẹ̀ gan-an ni. Babaláwo ni ó ni ìmọ̀. Oníbèérè ni ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀. Ìlànà náà kò gba iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ẹẹ́rìndínlógún, tí àwọn olórìṣà Òṣogbo ń dà, tí ìtàn sì so mọ́ orúkọ Ọ̀ṣun.

Ibi tí mo ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyí. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ní àpérò pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ yóò gba àtẹ́wọ́, yóò jókòó, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo ní ìbéèrè kan fún wọn: bí àwọn baba wa bá mọ bí a ti ń to ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí àwa ọmọ wọn kò lè to ilẹ̀kùn méje? Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pamọ́. Ọdún kan náà ni wọ́n kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní ayé. Inú mi dùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyìn tí a ń gbà nítorí ọgbọ́n baba ẹni kò sọ pé ọgbọ́n náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Ifá kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kò sì nílò oyè náà. Ìlànà kan ni ó fi lélẹ̀ fún wa, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ìṣòro ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà yìí ni a jù nù, tí a wá ń fi orúkọ ṣe fáàrí.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà dùn, mo sì yìn ín nígbà náà. Ọ̀pọ́n Ifá ni ó ránni létí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára pẹ̀lú, pé kí ọmọ tálákà ní ìwé tí ọmọ olówó ní. 150,000 ni ìjọba kéde pé òun yóò pín. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín inú rẹ̀ sí: ibi ìkàwé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibi ìdánrawò, tí iṣẹ́ 17 tí a ń ṣe ìdánwò wọn sì wà níbẹ̀. A tilẹ̀ fi ìtàn Yorùbá àti Ifá kún un.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìpín mẹ́ta náà wò. Ilé ìkàwé, kíláàsì, gbọ̀ngàn ìdánwò: ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n tún kọ́ sínú ẹ̀rọ. Ìwé tí a ti ń tẹ̀ sórí bébà, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ni a kó sínú rẹ̀ bí a ti ń kó ìwé sínú báàgì. Ìlànà ìdánwò ni a fi tò ó, kì í ṣe ohun tí ó rú ọmọ lójú. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìsirò ìdá kò yé òun kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àìyé yẹn. Láti orí orúkọ ìwé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ifá wà nínú Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé kan láàárín ìwé; kò sí nínú bí a ṣe to ìwé náà. A fi orúkọ Yorùbá sí ara ohun tí a tò láì bi Yorùbá léèrè. Ìjọba tí ó gbé e jáde ti parí láti oṣù Kọkànlá ọdún 2018, n kò sì sọ èyí láti fi ta òkúta lu ẹni tí ó ti lọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí yóò tún gbé òmíràn jáde ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó tún wá orúkọ dídùn kan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí kò bára mu, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ẹ̀gbọ́n mi há sí. Ní ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà tí a mọ̀ sí BVN. Nọ́ńbà ọmọ orílẹ̀-èdè, NIN, náà tẹ́sẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ fóònù ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìjọba ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò bá so nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ fóònù pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ààbò ni wọ́n ní àwọn ń wá, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ni ó ní àpótí mẹ́ta fún orúkọ: ti ìdílé, ti àkọ́kọ́, ti àárín. Ta ni ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Yorùbá rí? A ní orúkọ àmútọ̀runwá, a ní orúkọ àbísọ, a ní oríkì. Ilé-ìwé àti ìjọ ni wọ́n kọ́ wa ní orúkọ ìdílé. Obìnrin tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé baba rẹ̀, tí ó sì gba ìwé owó oṣù ní ilé ọkọ rẹ̀, ti ní orúkọ méjì láì purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi orúkọ Fọláṣadé ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé kan kọ ọ́ pẹ̀lú "sh" ní àtijọ́, ẹlòmíràn kọ ọ́ pẹ̀lú "s" lásán, ẹ̀kẹta gé e kúrú sí Ṣadé. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé Yorùbá. Síbẹ̀ àpótí orí ẹ̀rọ tí a ń lò nílẹ̀ Yorùbá gan-an a máa kọ àmì náà, á ní àṣìṣe ni. Ẹ̀rọ wá kó orúkọ mẹ́ta jọ, ó ní ènìyàn mẹ́ta ni. Ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò jẹ gbèsè kankan. Arúgbó tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo láti lọ jẹ́rìí pé òun ni òun.

Nígbà tí owó bébà wọ́n ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 2023, nítorí pípààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, àwọn aláta tí kò fi fóònù sanwó rí di ẹni tí ó ń tẹ kóòdù kí wọ́n tó lè tà. Kóòdù náà a máa ka nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ní orúkọ tí báǹkì ń pe ọjà tirẹ̀. Bí ìyá bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ẹ̀rọ yóò jáwọ́, yóò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ni ìyá ṣe? Ó fi fóònù lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́, ó sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí i létí. Lẹ́yìn náà ni báǹkì yóò tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí oníbàárà má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n to ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ipá mú un tú àṣírí, àwọn ni wọ́n sì ń kìlọ̀ fún un.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi. Àwọn kan yóò ní owó kò sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èló ni ìbéèrè méjì ọkùnrin ẹnu géètì? Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lo ẹ̀rọ, pé àwọn àgbà ń kú lọ. Èmi yóò dá wọn lóhùn pé ọ̀dọ́ kì í ṣe oyè ayérayé. Ẹni tí ó ń to ẹ̀rọ lónìí fún ojú tí ó ríran kedere yóò wọ awò lọ́la. Àwọn kẹta ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé ìdí iṣẹ́ kan náà ni a jókòó sí. Wọ́n ní kí a sáà túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá, wàhálà yóò sì tán. Kò ní tán. Bí a bá túmọ̀ orúkọ ẹ̀ka méje sí Yorùbá tí ó jinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yóò tún rìn láti ilẹ̀kùn kìíní dé ìkeje, yóò tún sọ pé òun ti kà á tán. Ẹni tí ó túmọ̀ rúdurùdu, rúdurùdu náà ni yóò bá ní èdè kejì.

N kò fi ọwọ́ rọ́ ìtumọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní ọdún 1990, wọ́n fi hàn pé Yorùbá lè sọ ohun gbogbo tí ó bá fẹ́ sọ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún ìran tèmi ni láti mú èdè náà kúrò nínú kíláàsì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, sí orí fọ́ọ̀mù, sínú fóònù ìyá aláta. Iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtòlẹ́sẹẹsẹ kí ó tó kan ọ̀rọ̀ pípè. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò mọ bí àgbà ṣe ń bèèrè nǹkan láì la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ Yorùbá nìkan kò mọ ìdí tí àpótí fi ń kọ àmì. Ẹni tí ó mọ méjèèjì yóò rí iṣẹ́ ṣe ní Òṣogbo, kò ní dúró de Èkó.

Nǹkan mẹ́ta péré ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti báǹkì. Ẹ kọ ohun tí ènìyàn wá ṣe sára ilẹ̀kùn, kí orúkọ ẹ̀ka yín kéré lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kan tàbí kí ẹ tó tú ẹ̀rọ kan sílẹ̀, ẹ fún ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, kí ọ̀kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ẹ gba orúkọ ènìyàn bí ó ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lè kọ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ mọ́ ọn. Kò sí èyí tí ó nílò Òyìnbó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ sí Òṣogbo kí owó náà tó wọlé. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin ẹnu géètì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó lọ fún ìsinmi ọdọọdún. Bí ogún ènìyàn ni ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń ka ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ètò ilé iṣẹ́ ńlá yẹn wà, kò sì sí ẹni tí ó san owó fún un nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. Mo gbọ́ tí ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìdúró o. Kí ni ẹ wá ṣe?" Títí a fi kúrò níbẹ̀, ó ti bi ènìyàn mẹ́sàn-án. Ìjọba kò fún un ní owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rin, ó sì tún bá ìjọba ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.